Okùn Ṣúgà Tí Ń Dènà Kòkòrò Ibà

Ara gbígbóná nìkan kọ́ ni ibà ẹ̀fọn fi ń gba ẹ̀mí ọmọdé. Kòkòrò rẹ̀ a máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ lọ bí sí i. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ, títí ọ̀nà yóò fi dí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti dákú rí nítorí ibà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi yíjú sí heparin. Okùn ṣúgà gígùn ni, tí súlfúrù so mọ́ (súlfúrù kan náà tí a kà nínú ìtàn Sódómù). Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń yọ ọ́, àwọn dókítà sì ń fi í dènà dídì ẹ̀jẹ̀. Ní 1976, Trager àti Jensen ní New York fi hàn pé ènìyàn lè sin kòkòrò ibà nínú àwo ẹ̀jẹ̀, bí ẹni sin adìyẹ. Bí a bá kán heparin sínú irú àwo bẹ́ẹ̀, a lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò náà, kì í sì í jẹ́ kí ó ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ènìyàn a máa ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe pa heparin tì fún ìtọ́jú ibà. Àwọn onímọ̀ ní Swídìn wá yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára ìdènà-dídì kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì pe ìyókù ní sevuparin. Nígbà tí a fún àwọn aláìsàn kan ní Tháílándì, tí ibà wọn kò le, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti sá pamọ́ jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ni kí a kíyè sí. Abẹ́rẹ́ artesunate ni a ṣì ń kọ́kọ́ gún fún ọmọ tí ibà bá gbé dákú.