Báwo ni dókítà ṣe ń rí ọkàn wa?

Fi ọwọ́ lé àyà rẹ. Ṣé o gbọ́ bó ti ń lù kì, kì, kì? Ọkàn rẹ ló ń ṣiṣẹ́. Di ọwọ́ rẹ kan. Bí ìkúùkù rẹ ti tóbi tó ni ọkàn rẹ tóbi tó.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ó ní yàrá mẹ́rin, ó sì ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá, ilẹ̀kùn á pa dé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Iṣan ńlá kan ló ń gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Ní èdè Faransé, aorte ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ mìíràn wà tí kì í lè sáré pẹ́. Bó bá ṣeré díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ni kò yá. Báwo la ṣe máa mọ̀?

Bí ènìyàn bá pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè àpáta, bí irú èyí tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ lè padà wá bá a. Gbohùngbohùn nìyẹn. Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìwòsàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ sínú àyà. Ohùn náà á kan ọkàn, á sì padà. Ẹ̀rọ á wá fi í ya àwòrán ọkàn sójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1953, Inge Edler àti Hellmuth Hertz fi irú ohùn yìí wo ọkàn ènìyàn ní ilẹ̀ Swídìn.

Aláìsàn á dùbúlẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá pa á láyà. Dókítà á rọra máa fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn lórí rẹ̀. Kò ní la àyà. Kò ní dun ọmọ náà.

Dókítà á wo àwọn ilẹ̀kùn ọkàn: ṣé wọ́n ń pa dé dáadáa? Á wo iṣan ńlá náà: ṣé kò fún jù, ṣé kò sì wú?

Nígbà mìíràn, ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń kọ́kọ́ dun ọmọ. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, àìsàn náà lè ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́, sọ fún ìyá rẹ. Bí èémí ẹnì kan bá ń já, má pè é ní ọ̀lẹ. Sọ fún olùkọ́.

Ìbéèrè
1. Yàrá mélòó ló wà nínú ọkàn?
2. Kí ni dókítà fi ń rí ọkàn láìla àyà?
3. Kí ló yẹ kí o ṣe bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́?