Kí ló ń pa bọ́tìnnì A/C Honda NSX? Ohun kékeré tó ń jò lórí pánẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá ra Honda NSX ọdún 1991 lónìí ra ọkọ̀ asáré tí ara rẹ̀ kì í dípẹtà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lókìkí pé kì í da olówó rẹ̀ láàmú. Síbẹ̀, ó lè tẹ bọ́tìnnì A/C kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Fáànù lè kọ̀ kó má fẹ́ rárá, tàbí kó máa fẹ́ kíkankíkan láìgbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn tó yẹ kó lọ sójú lè máa lọ sí ẹsẹ̀. Awakọ̀ á yan 20°C, inú ọkọ̀ á sì máa gbóná bí ẹni pé kò yan nǹkan kan.

Gáàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yìí, nígbà tí bọ́tìnnì àti fáànù bá ti ń ṣe ségesège, inú àpótí kékeré tó ń darí A/C ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ohun tó sì sábà máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni èròjà kan tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan: kapásítọ̀.

Ọkọ̀ tí gíláàsì yí ká

Oṣù Kejì ọdún 1989 ni Honda kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yìí síta fún aráyé wò níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago. Títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1990. Ní Amẹ́ríkà, Acura ni orúkọ tí wọ́n fi tà á. Shigeru Uehara ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún títà lọ́pọ̀ tí gbogbo egungun ara rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù. Ayrton Senna, ọmọ Brazil tó ń fi ẹ́ńjìnnì Honda díje nínú Formula One nígbà náà, dán an wò ní pápá Suzuka, ó sì sọ fún wọn pé ara ọkọ̀ náà kò tíì le tó. Wọ́n padà lọ mú un le sí i.

Ọkọ̀ òfurufú ogun F-16 ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ya ibi ìjókòó awakọ̀. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n sì fi gíláàsì yí i ká kí awakọ̀ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà mẹ́ta wà lẹ́yìn ìjókòó gan-an. Oòrùn ń wọlé láti iwájú, ooru ẹ́ńjìnnì ń ti ẹ̀yìn bọ̀, nítorí náà A/C kì í ṣe fáàrí nínú ọkọ̀ yìí. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, kọ̀ńdẹ́ńsà wà níwájú, páìpù gáàsì sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Iye NSX tí Honda ṣe títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní 2005 kò ju 18,000 àti díẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ tó kéré níye báyìí, ẹ̀yà ara kì í pẹ́ kó tó di ọ̀wọ́n.

Ohun tí àpótí náà ń ṣe

A/C ọkọ̀ kò ní irú àpótí yìí níbẹ̀rẹ̀. Packard ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti fi A/C sí, lára ọkọ̀ ọdún 1940. Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀. Ẹni tí òtútù bá mú ní láti pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó yọ bẹ́líìtì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kúrò. Nígbà tó di 1964, Cadillac mú ẹ̀rọ kan jáde tó ń fúnra rẹ̀ ṣètò òtútù àti ooru: awakọ̀ á yan ìwọ̀n tó fẹ́, ẹ̀rọ á ṣe ìyókù.

Irú èyí ni ti NSX. Àwọn sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri ọkọ̀. Ọ̀kan ń wo ooru inú ọkọ̀, òmíràn ń wo ti ìta, ọ̀kan ń ṣọ́ oòrùn tó ń wọ inú gíláàsì, òmíràn sì ń ṣọ́ evaporator, ibi tí atẹ́gùn ti ń tutù, kí omi má baà di yìnyín lára rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ṣe ń rọrùn fún iná láti gba inú àwọn sẹ́ńsọ̀ ooru wọ̀nyí kọjá. Àpótí náà á ka ìyàtọ̀ yẹn, á fi wé ohun tí awakọ̀ yàn, á sì pàṣẹ. Á ní kí mọ́tò kékeré kan ṣí ilẹ̀kùn tó ń da atẹ́gùn tútù pọ̀ mọ́ gbígbóná. Á ní kí òmíràn darí atẹ́gùn sójú, sẹ́sẹ̀ tàbí sí gíláàsì iwájú. Á sọ bí fáànù yóò ṣe yára tó. Á sì sọ ìgbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò gbá mú.

Ìdí nìyí tí àìsàn àpótí yìí fi máa ń yọ ní oríṣiríṣi. Ibi tí kapásítọ̀ bá ti ń jò lórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí wọ́n to èròjà iná sí nínú àpótí, ló ń pinnu àṣẹ tí kò ní dé ibi tó yẹ.

Kapásítọ̀ tó ń jò

Iṣẹ́ kapásítọ̀ ni láti tọ́jú iná fún ìgbà kúkúrú, kó sì mú kí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn èròjà yòókù dúró déédéé. Èyí tó wà nínú àpótí NSX jẹ́ agolo álúmíníọ̀mù kékeré. Wọ́n ká bébà álúmíníọ̀mù méjì sínú rẹ̀, wọ́n fi ìwé tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà sáàárín, wọ́n wá fi rọ́bà dí ìdí rẹ̀ kí omi náà má baà jáde.

Kò sí èyí tí kì í gbó nínú irú kapásítọ̀ yìí. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ iye wákàtí tó lè lò sí i, bí àpẹẹrẹ 2,000 wákàtí ní 105°C. Bí ooru bá fi 10°C dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Èyí tó lè lo 2,000 wákàtí ní 105°C lè lo 32,000 ní 65°C. Ooru dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n pa sínú oòrùn sì lè kọjá 70°C láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́ ló fa ti NSX. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Japan ń lo irú omi kẹ́míkà kan tó jẹ́ kí kapásítọ̀ kékeré ṣiṣẹ́ dáadáa. Aléébù rẹ̀ ni pé, bó bá pẹ́, omi náà máa ń jẹ rọ́bà ìdí agolo níhà ẹsẹ̀ òdì (negative), á sì jò jáde. Nígbà tó bá dé orí pánẹ́ẹ̀lì, á jẹ ojú ọ̀nà bàbà tí iná ń gbà. Níbi tí kò bá ti jẹ bàbà, ó lè so ọ̀nà méjì tí kò yẹ kí wọ́n fojú kanra pọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sínú gáréèjì fún ọdún púpọ̀ náà kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí jíjò yìí kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tan iná.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kapásítọ̀ irú ìgbà yẹn ló ń pa kọ̀ǹpútà Macintosh Classic tí Apple mú jáde ní 1990. Òun náà ló ń pa Game Gear, ẹ̀rọ eré àtẹ́lẹwọ́ tí Sega ṣe lọ́dún kan náà. Ẹni tó bá ti tún ọ̀kan nínú wọn ṣe rí ti mọ iṣẹ́ NSX dé ìdajì.

Ẹ yẹ ìyókù wò kí ẹ tó ṣí i

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù A/C ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́dọ̀ wa, gáàsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sí ọkọ̀ tí kò bá tutù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí gáàsì bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, agbára inú páìpù á ga, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó wà láàyè sì lè kú.

Fíúùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi géèjì wọn gáàsì. Bí gáàsì bá pé tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò sì gbá mú, rẹ́wáyà á fi mítà wò bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí fáànù kò bá fẹ́, ẹ gbé iná fún un tààrà: bí ó bá fẹ́, mọ́tò rẹ̀ kò kú. Ẹ tún yẹ èròjà tó ń ṣètò eré fáànù wò, nítorí òun náà máa ń jó. Sẹ́ńsọ̀ inú ọkọ̀ tí eruku ti bò lè máa purọ́ fún àpótí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára tí bọ́tìnnì ṣì ń ṣe bó ṣe wù ú, àpótí ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, á wá ṣí àwọn ìbòrí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú sùúrù, nítorí ike ọgbọ̀n ọdún máa ń ṣẹ́. Bí àpótí bá ti ṣí, kí ó wo ìdí kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tàbí lẹ́ẹ̀dì tí kò dán mọ́, ni àmì pé ó ti jò. Bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bá kan ibẹ̀, òórùn ẹja tó ti ń bàjẹ́ á gba yàrá. Kẹ́míkà tí omi yẹn ń dà nígbà tó bá gbóná jẹ́ ìbátan èyí tó ń mú ẹja rùn.

Gbogbo kapásítọ̀ agolo ni wọ́n ń yọ, àti èyí tó ti jò àti èyí tí kò tíì jò, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Fífi agbára fà á lè hú bàbà abẹ́ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Ọtí isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n ń lò, títí kan abẹ́ àwọn èròjà tó wà nítòsí. Ẹni tó bá fo ìfọ̀ yìí kọjá, tó kàn jó tuntun mọ́ ọn, fi omi kẹ́míkà sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa jẹ bàbà lọ.

Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá gbẹ, mítà á sọ ojú ọ̀nà tó ti já. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń so èyí tó bá já. Kapásítọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, fóltì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí i, ó sì dára kó jẹ́ irú èyí tó ń gba 105°C. Ìlà orí agolo ló ń fi ẹsẹ̀ òdì hàn. Èyí tí wọ́n bá yí sódì lè wú, kó bẹ́. Kí wọ́n so àpótí padà, kí wọ́n dán gbogbo bọ́tìnnì wò kí wọ́n tó dí ìbòrí.

Iṣẹ́ ẹni tó ń tún fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ṣe ni èyí ju ti mẹkáníìkì lọ. Àwọn kan máa ń ra àpótí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ míì láti fi rọ́pò tiwọn. Ìyẹn kò yanjú nǹkan, nítorí kapásítọ̀ inú rẹ̀ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Bí gáàsì bá tún wá tán lóòótọ́

Àwọn NSX àkọ́kọ́ ń lo gáàsì R-12. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ṣàlàyé pé irú gáàsì yìí ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló fòpin sí i, àwọn orílẹ̀-èdè olówó sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró nígbà tí 1995 parí. R-134a ló rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ọ́ìlì tó bá a lọ yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ gáàsì nínú NSX àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ fọ inú páìpù, kó sì pààrọ̀ rọ́bà ìdè àti agolo tó ń fa omi inú gáàsì mu.

Ta ló lè tún ọkọ̀ òní ṣe lọ́la?

Láti 1993 ni Honda ti ní ètò kan ní Japan tí wọ́n fi ń gba NSX padà láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí ní Japan náà lè gba ọkọ̀ rẹ̀ là, nítorí kapásítọ̀ jẹ́ ọjà gbogbogbòò. Èyí tí wọ́n ń tà ní Tokyo, wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ọjà Alaba ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, síkírínì kan náà ló ń darí A/C, rédíò àti máàpù, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló sì ń darí òun fúnra rẹ̀. Títi ètò kọ̀ǹpútà pa báyìí wà lára ohun tó mú kí àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà dìbò ní 2012 fún òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì aládàáni rí ìmọ̀ àti irinṣẹ́ tí àwọn aṣojú wọn ń lò. Wọ́n tún padà dìbò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 2020, nítorí ìsọfúnni tí ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ láìsí wáyà.

Fún ẹni tó ní NSX, ọ̀rọ̀ náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Bí A/C rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì pààrọ̀ kapásítọ̀ inú àpótí náà rí, ìsinsìnyí ló yẹ kó ṣe é. Iṣẹ́ tó rọrùn ni láti pààrọ̀ agolo kí omi tó jò. Bí omi bá ti jẹ bàbà, wáyà ni wọn yóò máa fà láti ojú ọ̀nà kan dé òmíràn, owó iṣẹ́ á sì lé sí i.