Ọ̀rá inú Ẹ̀dọ̀

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí ó ju 600 lọ, tí kò sì sinmi lójú ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ni yóò wí pé ara rẹ̀ le. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara kan wà tí òkè gígùn kò lè jẹ́rìí sí, èyí ni ẹ̀dọ̀.

Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Ó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣe òróòro, ó sì ń tọ́jú oúnjẹ tí ara kò tíì lò. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé yàrá tí a ń kó àpò kòkó sí. Bí àpò bá ń wọlé lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ kò sì wá kó wọn, láìpẹ́, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Ṣúgà àti oúnjẹ tí ó bá pọ̀ ju èyí tí ara lò lọ, ẹ̀dọ̀ a sọ wọ́n di ọ̀rá. Bí ọ̀rá náà bá sì ju ìdá 5 nínú 100 lọ, àìsàn ti wọ̀ ọ́.

Kì í sábà dunni. Ọ̀dọ́ náà yóò máa jẹun, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù, kò sì ní mọ̀. Kódà, ẹni tí kò sanra lè ní in. Ọtí líle ni a kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, ó sì jẹ̀bi títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1980, Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn rí bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Púpọ̀ nínú wọn sanra.

Nígbà tí àwọn baba ńlá Ìdànrè ń gbé orí òkè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí oko. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé ọ̀dọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ náà a wú, a dá àpá, a sì le. Nígbà tí ẹyinjú bá pọ́n, tí ikùn sì wú, ọ̀ràn ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, dókítà lè fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀dọ̀, kí ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àgbo tí àwọn kan ń tà pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀ lè bà á jẹ́ sí i. Bí ẹni tí ó sanra tó kílò 90 bá fi ìrìn àti ìjẹun níwọ̀n dín kílò 7 sí 9 kù, ọ̀rá náà a máa fà sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀ a sì máa rí àyè ṣiṣẹ́.