Ẹ̀RỌ LÓ KỌ́, FÌLỌ́SỌ́FÌ LÓ Ń WÁ KIRI: ṢÉ WỌ́N Á GBÀ Á WỌLÉ?

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ọ̀kìtóbà ọdún 1911, ọmọkùnrin ará Ọ́sítríà kan já wọ yàrá Bertrand Russell, gbajúmọ̀ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Cambridge. Kò kọ lẹ́tà ṣáájú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ sì ń kọsẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni, Ludwig Wittgenstein lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́ ní Berlin. Láti 1908 ló sì ti wà ní Manchester, tó ń bá abẹ̀bẹ̀ tí ń fa bàálù wọ̀yá ìjà. Oyè fìlọ́sọ́fì kankan kò sí lápò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Russell bá ti parí ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin yìí á tẹ̀ lé e dé yàrá, á máa bá a jiyàn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Russell ò mọ̀ bóyá ọlọ́pọlọ pípé ni àbí orí rẹ̀ ló dàrú díẹ̀. Nígbà tí táàmù parí, Wittgenstein ní kó sọ òótọ́ fóun: ṣé òmùgọ̀ pọ́ńbélé lòun ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á padà sídìí bàálù. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á di onífìlọ́sọ́fì. Russell ní kó lọ kọ nǹkan wá nígbà ìsinmi. Russell fúnra rẹ̀ ló rò ó lẹ́yìn náà pé gbólóhùn kan péré lòun kà tóun fi sọ fún un pé kó má wulẹ̀ padà sídìí bàálù mọ́. Nígbà tó di oṣù Fẹ́búárì 1912, Cambridge ti gbà á wọlé ní akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1929 ló gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì di ẹrù o! Bàbá Wittgenstein lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ irin ló fi là. Ẹni tó bá sì já wọ yàrá olùkọ́ báyẹn lónìí, àfàìmọ̀ kí ẹ̀ṣọ́ má sìn ín jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ náà ló ṣì ń ṣí i fún àwọn tí kò ka fìlọ́sọ́fì tó: ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

OHUN TÍ WỌ́N Ń BÉÈRÈ

Ní Amẹ́ríkà, àárín oṣù Dìsẹ́ńbà sí Jánúárì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń ti ilẹ̀kùn fọ́ọ̀mù ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á béèrè máàkì, lẹ́tà ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ìwé tí èèyàn fi sọ ohun tó ń wá, àti àròkọ tó tó ojú ìwé 15 sí 20. Àròkọ yìí gan-an nibi tí ọmọ ẹlẹ́rọ ti lè jà. Ẹni tó bá lọ kọ ìtàn gbogbo àgbà onífìlọ́sọ́fì láti ìgbà Plato ti pa ara rẹ̀ láyò. Ìbéèrè kékeré kan ló tó. Bí àpẹẹrẹ, bí ọkùnrin kan bá ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ, tí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́, ṣé ìlérí náà ṣì dè é lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú tán? Kó mú un, kó tú u wò, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí alátakò máa sọ, kó tún dá a lóhùn.

Lẹ́tà ẹlẹ́rìí ló wá le jù. Olùkọ́ ẹ̀rọ lè jẹ́rìí pé ọmọ náà kì í ṣọ̀lẹ, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ìjiyàn án tò? Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kíláàsì fìlọ́sọ́fì díẹ̀ jókòó sí, pàápàá ẹ̀kọ́ lọ́jíìkì, kí olùkọ́ ibẹ̀ lè rí iṣẹ́ rẹ̀, kó bá a fa á, kó sì mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tún wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà: oyè másítà ọlọ́dún méjì. Tufts, nítòsí Boston, lókìkí fún gbígba àwọn ọlọ́pọlọ tó ti ìdí ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Brandeis àti Georgia State náà ń ṣe másítà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéra lọ sí ti ọ̀mọ̀wé.

Owó ńkọ́? Níbi ti ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá kì í gbowó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oúnjẹ kó lè bá wọn kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ti másítà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún ó kéré tán ni ti ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kí ọkọ tó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀!

Fọ́ọ̀mù gan-an, owó ni. Ẹni tó bá sì kọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá á rí i pé kì í ṣe owó kékeré. Àwọn yunifásítì kan máa ń yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò ní, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún tètè béèrè kó tó sanwó, torí èyí tí wọ́n bá ti gbà, wọn kì í dá a padà.