Ìdin Inú Awọ: Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Dá Eṣinṣin Kan Mọ̀

Kòkòrò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín lè bá ará Ṣómólú àti Bàrígà nínú ilé, kí onítọ̀hún mọ ìdin rẹ̀, kí ó má sì mọ eṣinṣin tí ó bí i. Nínú àgbàlá tí ilé há mọ́ ilé títí dé etí ọ̀sà, orí wáyà tàbí orí koríko ni à ń sá aṣọ tútù sí. Bí a kò bá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kí a tó wọ̀ ọ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ohun kan lè wú sára ọmọ bí oówo. Ìyá rẹ̀ á wá ojú oówo náà; ihò kékeré ni yóò rí, tí ohun kan ń yọjú níbẹ̀ láti mí. Ìdin ni. Bí a bá fi abẹ là á bí oówo, ó lè já sínú ẹran. Ọ̀rá tí a fi dí ihò náà ni í lé e wá síta. Bí a bá fi í sílẹ̀, á gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 12, á bọ́ sílẹ̀, inú ilẹ̀ ni yóò sì ti di eṣinṣin.

Cordylobia anthropophaga ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Blanchard ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní ọdún 1872, láti ilẹ̀ Senegal. “Ajẹ̀nìyàn” ni ìtumọ̀ apá kejì orúkọ náà. Àwọn Faransé ń pè é ní aràn Cayor. Kí olùtumọ̀ má ṣe tẹ̀lé wọn: aràn kì í hu ìyẹ́.

Ẹnìkan lè dábàá ayésáṣọ. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Iyanrìn tí ó ní òórùn ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ni eṣinṣin yìí ń yé sí pẹ̀lú, ajá àti eku sì ni ìdin rẹ̀ ń yọ lẹ́nu jù. Ẹni tí ó gbọ́ ayésáṣọ á rò pé bí aṣọ bá ti gbẹ, ewu tán. Bẹ́ẹ̀ ìdin tí ó ti pa lè wà láàyè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìjẹun. Ìdin-inú-awọ ni mo yàn, kí á sì pe òbí rẹ̀ ní eṣinṣin ìdin-inú-awọ.

Eṣinṣin náà pọ́n bí iyeyè tí ó ti ń ṣá, gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8 sí 12. Auchmeromyia senegalensis jọ ọ́ púpọ̀, èyí tí ìdin rẹ̀ ń jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sùn sórí ẹní, tí kì í wọ inú awọ rárá. Ìdin-orí-ẹní ni kí á pe ìyẹn. Ikùn ni a fi ń yà wọ́n: abala mẹ́rin tí ó hàn lára ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n lára abo ti ìkejì, abala kejì gùn tó ìlọ́po méjì èyíkéyìí nínú àwọn yòókù. (Abala ni mo kọ, kì í ṣe oríkèé, tí í ṣe ibi tí nǹkan ti ń ká.)

Ti ìdin gan-an ni ó le jù. Ní ìdí rẹ̀ ni àwo ojú-èémí méjì wà, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di inú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kí á tó rí wọn dáadáa. Ìlà ti Chrysomya bezziana, tí ń jẹ ẹran láti ojú egbò, tọ́. Ti ìdin-inú-awọ tẹ̀ díẹ̀. Ti Cordylobia rodhaini, ará igbó kìjikìji, lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Tọ́, tẹ̀, lọ́: a kò ní láti yá ọ̀rọ̀ kankan. Ní ti ojú-èémí, àwọn kan lè fẹ́ kí á pè é ní imú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé pé ní ìdí ni imú wà?