Láti Mile 12 dé Kétu: Ata, Gàrí àti Àwọn Onílẹ̀ Tí A Kò Dárúkọ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Mile 12. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹnu ọ̀nà ọjà ti di ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì. Àwọn ọkọ̀ ajàgbé tó ti òkè Ọya wá tò gbọọrọ, wọ́n ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi pupa sì ń kán láti ìdí apẹ̀rẹ̀ sí èjìká àwọn alábàárù. "Àgò o! Ẹrù ń bọ̀!" Ẹni tó bá dúró wòran níbẹ̀, wọn á gbá a lulẹ̀.

Èlò ọbẹ̀ ni mo wá rà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń ka ìtàn bí Sípéènì àti Pọtogí ṣe gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ìtàn náà kò sì jẹ́ kí ojú tí mo fi ń wo ọjà yìí rí bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Mo dúró nídìí àtẹ ìyá aláta kan. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá mi." "Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?" Òkìtì mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ lórí àpò: tòmátì, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, ata rodo. Mo mú rodo kan. Ara rẹ̀ hunjọ bí ojú arúgbó, ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti wọ̀ mí nímú kí n tó gbé e súnmọ́ ojú. Mo bi ìyá pé níbo lọjà rẹ̀ ti wá. Ó ní tòmátì ti Kánò ni, tàtàṣé ti Kàdúná.

"Kí wọ́n tó dé Kánò ńkọ́, ìyá?"

Ó wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣé ìgbà kan wà tí kò sí ata ni?"

Ó wà. Kí Christopher Columbus tó gúnlẹ̀ sí erékùṣù àwọn Taíno ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1492, kò sí ọ̀kan nínú òkìtì mẹ́rin yìí nílẹ̀ wa. Ataare àti iyèré ni àwọn baba ńlá wa fi ń ta lẹ́nu. Mẹ́síkò ni tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀ ti di ohun ọ̀gbìn, ata rodo sì ti agbègbè odò Amásónì wá. Tòmátì, orúkọ tí à ń pè é gan-an ti ẹnu àwọn Nahua ará Mẹ́síkò jáde: "tomatl" ni wọ́n ń pè é kí ará Sípéènì kankan tó gbọ́ ọ. Àwọn onílẹ̀ ló ń ṣa irúgbìn, tí wọ́n ń gbin èyí tó dára jù, láti ìran dé ìran, títí èso wínníwínní inú igbó fi di ohun tó ń kún apẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kàn gbé e wọkọ̀ ni.

Àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, níbi tí ọjà yìí wà, mọ ohun tó ń jẹ́ onílẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní Ìkòsí tàbí ní Kétu, yóò jókòó ti ìdílé tó ni ín, ọ̀rọ̀ yóò yé tọ̀tún-tòsì kí ó tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Ní ọdún 1513, ìjọba Sípéènì ṣe ìwé kan tí wọ́n pè ní Requerimiento, pé kí àwọn ọmọ ogun kà á sétí àwọn onílẹ̀ kí wọ́n tó kọlù wọ́n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé póòpù ti fi ilẹ̀ yín ta ọba wa lọ́rẹ. Ẹ tẹrí ba fún un, bí ẹ bá kọ̀, a ó kó ẹ̀yin, aya yín àti ọmọ yín lẹ́rú, ẹ̀yin lẹ sì fà á. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń kà á fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, wọ́n á dúró sínú igbó, wọ́n á kà á fún igi.

Mo ra rodo, mo ra tòmátì. Ìyá fi ènì sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa Sípéènì ni pé àwọn èèyàn rẹ̀ kan dìde sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1511, àlùfáà Antonio de Montesinos dúró lórí àga ìwàásù ní Santo Domingo, ó bi àwọn tó ń kó onílẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹran pé ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èèyàn ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin Burgos jáde lórí bí wọ́n ṣe gbọdọ̀ lo onílẹ̀. Ní 1542, òfin mìíràn jáde tó ní a kò gbọdọ̀ fi onílẹ̀ ṣẹrú mọ́. Ní 1550, àlùfáà Bartolomé de las Casas àti ọ̀mọ̀wé Sepúlveda jókòó ní Valladolid, wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ó tọ́ láti fi ogun mú wọn. Mi ò rí ìjọba mìíràn nígbà yẹn tó fi ẹnu ara rẹ̀ bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí ní gbangba.

Ṣùgbọ́n kí ni òfin náà rí gbà là? Nígbà tí wọ́n ka àwọn Taíno tó ṣẹ́kù ní erékùṣù Hispaniola ní 1514, nǹkan bíi 26,000 péré ni wọ́n. Ọdún méjìlélógún ṣáá ni Columbus ti dé ibẹ̀. Àìsàn, làálàá nínú kòtò wúrà àti ebi ti pa ìyókù. Lẹ́yìn èyí ni ìgbóná wá dé. Ní Peru, nígbà tí òfin 1542 dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹun lórí iṣẹ́ onílẹ̀, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n dì, wọ́n sì pa aṣojú ọba. Ní Potosí, níbi tí wọ́n ti rí òkè fàdákà ní 1545, ìjọba wá ṣètò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan láàrin ìpínlẹ̀ 16 máa fi ọkùnrin kan nínú méje ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Nǹkan bíi 13,000 ọkùnrin ni èyí. Ibi tí ilẹ̀ ti ga tó mítà 4,000 ni wọ́n ti ń wọ inú òkè náà tòun ti àtùpà, tí wọ́n ń pọn fàdákà jáde lẹ́yìn.

Mo yà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò gàrí. Funfun wà, pupa wà, wọ́n kó o sínú báàfù títí ó fi rí ṣóńṣó bí òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ fọ́n díẹ̀ sẹ́nu. Èmi náà fọ́n ọn. Ó kan, ó ń ró wọ́kọwọ̀kọ lábẹ́ eyín. Ọmọbìnrin tó ń wọ̀n ọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìjẹ̀bú gidi lèyí o, ẹ gbà á kóńgò méjì."

Ibí ni apá Pọtogí nínú ìtàn yìí ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Oró wà nínú gbágùúdá, oró tó lè pa odidi ilé. Àwọn Tupi etí òkun Brazil ló mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i: wọ́n á rin ín, wọ́n á kì í sínú àpò gígùn kan tí wọ́n fi ewé igi hun, wọ́n á fà á kí omi olóró náà ṣẹ́ jáde, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án lórí agbada. Ẹ fi wé ohun tí à ń ṣe lónìí. A rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ ṣẹ́, a jọ̀ ọ́, a yan án. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó padà dé sí Èkó láti Bahia lẹ́yìn oko ẹrú ní sẹ́ńtúrì 19, wà lára àwọn tó mú kí ọgbọ́n yìí gbilẹ̀. Ọwọ́ Tupi ló wà nínú báàfù tó wà níwájú mi yìí.

Pedro Álvares Cabral, ará Pọtogí, dé ilẹ̀ àwọn Tupi ní ọjọ́ 22 oṣù Igbe ọdún 1500. Kò bá ìlú olódi, kò bá wúrà. Igi ló bá, igi pupa tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Lẹ́yìn náà ni ìrèké dé, oko ìrèké sì ń fẹ́ ọwọ́. Pọtogí kò kọ òfin rẹpẹtẹ bíi Sípéènì. Nígbà tó sì kọ ọ́ ní 1570, ó fi àyè sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá mú nínú "ogun òdodo" lè di ẹrú. Ta ni kò mọ̀ pé gbogbo ogun ló máa di òdodo? Láti São Paulo ni àwọn ọdẹ èèyàn tí wọ́n ń pè ní bandeirante ti ń wọ igbó fún oṣù púpọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n dá onílẹ̀ padà wálé. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni "negros da terra", àwọn dúdú ilẹ̀ yìí. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo sì pa ìwé dé. Àwọn tí awọ wọn kò dúdú ni wọ́n ń pè ní dúdú, nítorí pé lẹ́nu Pọtogí, dúdú ti di ẹrú kí àwa tó dé ibẹ̀.

Mo gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ré ọ̀nà Ìkòròdú kọjá. Láti òkè, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìkòròdú wà lápá kan, èyí tó ń lọ Ọjọ́ta wà lápá kejì, ìdènà kọnkéré sì là wọ́n láàrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi ìlà pín ayé ní Tordesillas ní ọjọ́ 7 oṣù Òkúdù ọdún 1494: Sípéènì gba ìwọ̀ oòrùn, Pọtogí gba ìlà oòrùn. Kò sí onílẹ̀ kan ṣoṣo níjòókòó.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọwọ́ Pọtogí rọ̀ ju ti Sípéènì lọ. Ìwé tí òǹkọ̀wé ará Brazil, Gilberto Freyre, kọ ní 1933 ló mú kí ọ̀pọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn Pọtogí ń fẹ́ obìnrin ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń bímọ. Mi ò gbà. Obìnrin tí wọ́n mú lóko ọdẹ kì í ṣe ìyàwó. Láti 1580 sí 1640, ọba kan ṣoṣo ló jẹ lé Sípéènì àti Pọtogí lórí. Láàrin ìgbà náà gan-an, ní 1628 sí 1629, ni Raposo Tavares àti àwọn bandeirante rẹ̀ kọlu ìletò àwọn onílẹ̀ Guarani lápá Sípéènì, wọ́n kó wọn lẹ́rú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, onígbàgbọ́ sì ni àwọn tí wọ́n kó. Ọba kan náà, ìsìn kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí kálukú bá lórí ilẹ̀. Sípéènì bá ìlú ńlá àti fàdákà, ó nílò kí onílẹ̀ wà láàyè ní ìlú rẹ̀ kó lè máa kà á, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kó máa rán an lọ sínú òkè. Pọtogí bá igbó, ó sì sọ onílẹ̀ di ẹran ìgbẹ́. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí òfin ilẹ̀ Bolivia, níbi tí Potosí wà lónìí, ti 2009 fi dá èdè onílẹ̀ 36 mọ̀, tí ìkànìyàn Brazil ní 2022 sì ka nǹkan bíi 1,700,000 onílẹ̀ péré, tí wọn kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe àánú ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Àwọn Guarani kò sì káwọ́ gbera. Ní 1641, wọ́n dúró de àwọn ọdẹ náà ní Mbororé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, wọ́n sì lé wọn sá.

Nígbà tí ọwọ́ onílẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn méjèèjì yíjú sí. Las Casas fúnra rẹ̀, tó ń sunkún fún Taíno, dábàá ní 1516 pé kí wọ́n kó adúláwọ̀ wá dípò wọn. Ó kábàámọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Domingos Jorge Velho, ọdẹ onílẹ̀, ni wọ́n háyà láti fọ́ Palmares, ìlú àwọn ẹrú tó sá ní Brazil, ní 1694. Pọtogí Duarte Pacheco Pereira sì ti kọ ọ́ nípa Ìjẹ̀bú, ní nǹkan bíi 1505 sí 1508, pé ìlú ńlá tí yàrà yí ká ni, àti pé ìdè bàbà 12 sí 15 ni wọ́n ń ra ẹrú kan níbẹ̀. Níhìn-ín, wọn kò rí ilẹ̀ wa gbà nígbà náà. Ìgbóná ló bá òyìnbó pa àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ wa, ibà ló ń pa òyìnbó, àwọn ọba wa sì ní ọmọ ogun. Ọjà ni wọ́n wá ná, èèyàn sì ni ọjà náà. Brazil nìkan gba nǹkan bíi 5,000,000 lára wa.

Mo rìn dé ọjà èso ní Kétu. Ọ̀pẹ̀yìnbó ni wọ́n ń já sílẹ̀, adé ewé rẹ̀ ṣì gún ṣánṣán. Àwọn onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbìn ín, àwa sì fi òyìnbó sọ ọ́ lórúkọ. Ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gúáfà wà, orúkọ gúáfà sì ti ẹnu àwọn Taíno wá. Ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bó ọ̀pẹ̀yìnbó kan fún mi, ó gé e sí wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá.

Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo ń ronú lórí Kétu mìíràn. Yàtọ̀ sí Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé òrìṣà wà ní Salvador ní Bahia tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí dòní, tí wọ́n ń fi Yorùbá kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Orí ilẹ̀ àwọn Tupinambá ni Pọtogí dá ìlú Salvador sí ní 1549. Nígbà tí àwọn èèyàn wa dé ibẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n ṣe ohun tí ẹni tó gbé wọn dé kò ṣe: wọ́n béèrè pé ta ló nilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ibẹ̀, wọ́n ní àyè fún Caboclo, ẹ̀mí àwọn onílẹ̀, wọ́n ń gbé èso àti tábà fún un nítorí pé òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ lọ́dọọdún, ọjọ́ tí Bahia gba òmìnira ní 1823, àwọn ará ìlú a máa gbé ère Caboclo àti Cabocla káàkiri ìgboro, tàgbà tọmọdé a tẹ̀ lé wọn, àwọn mìíràn á sì há ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ẹsẹ̀ ère náà.

Bọ́ọ̀sì kan fà sí ẹ̀gbẹ́ títì. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Mo gbé rodo sókè, mo fi gàrí sísàlẹ̀ kó má baà tẹ tòmátì, mo sì wọlé.