Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lára Ẹ̀yà Ọkọ̀ Yìí?



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ká sọ pé àgbẹ̀dẹ kan wà tó mọ ọkọ́ rọ dáadáa. Kí àwọn ènìyàn lè mọ ọkọ́ tirẹ̀, ó fi àmì kékeré kan sára irin rẹ̀. Ẹni tó bá rí àmì náà lọ́jà kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ pé ọkọ́ yẹn kò ní ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rúkọ́, igi tí a ń dì mú, máa ń tètè bàjẹ́ ju irin lọ. Ọkùnrin mìíràn wà tó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tà. Ó ní: “Ẹ̀rúkọ́ mi yìí bá ọkọ́ àgbẹ̀dẹ yẹn mu.” Ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Rárá. Òótọ́ ló sọ, ẹni tó fẹ́ rà á sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá yóò bá ọkọ́ tirẹ̀ mu. Bí ó bá wá fi irin gbígbóná jó àmì àgbẹ̀dẹ sára ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó bá rà á yóò rò pé àgbẹ̀dẹ ló gbẹ́ ẹ. Bí ẹ̀rúkọ́ bá dá sí méjì lójú oko, àgbẹ̀dẹ ni wọn yóò bú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ẹ̀rúkọ́ yìí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń bá ara wọn fà. Ẹ̀yà ọkọ̀ ni ohun tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ń pè ní píẹ̀sì. Ó kàn wá. Ẹni tí kò ta píẹ̀sì lè ní alùpùpù, ọmọ rẹ̀ lè máa wa zémíjàn, tàbí kí ó máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún ọkọ̀ ṣe.

Kí ni àmì ọjà? Láyé àtijọ́, a máa ń wo ilà ojú ènìyàn, a ó sì mọ ìlú àti ìdílé tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ṣe ń sọ ibi tí ọjà ti wá. Orúkọ lè jẹ́ àmì, bíi Yamaha tàbí Peugeot. Àwòrán náà lè jẹ́ àmì. Òrùka mẹ́rin tó so kọ́ra, ti ilé-iṣẹ́ Audi ní Jámánì ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ àmì rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, òfin sọ pé òun ló ni ín.

Nínú ọjà wa, ẹ ó rí píẹ̀sì tí ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní “origine”. Ẹ ó rí èyí tí ẹlòmíràn ṣe, tó sì bá ọkọ̀ náà mu. Ìyẹn ni “adaptable”. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú adaptable. Òmíràn lágbára dáadáa, òmíràn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà pẹ̀lú: ẹlòmíràn ló ṣe é, ó wá lọ lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra ìjánu ọkọ̀ tó jẹ́ ayédèrú, owó nìkan kọ́ ló lè pàdánù.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń ṣọ́ orúkọ wọn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò máa bèèrè píẹ̀sì fún ọdún púpọ̀. Èrè wà níbẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi orúkọ wọn jẹun, wọn kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ burúkú ba orúkọ náà jẹ́. Títí dé ibẹ̀, wọ́n jàre. Ibi tó ti ń dun ni pé lẹ́tà kan náà ni agbẹjọ́rò wọn ń kọ sí olè àti sí ẹni tó kàn sọ pé ọjà òun bá tiwọn mu. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò tó ń gba owó oṣù. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, níbo ni yóò ti rí owó ẹjọ́? Òmíràn á kó ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn adájọ́ ti ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Champion ń ṣe búùjì, ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ̀rọ ọkọ̀. Àwọn kan ń kó búùjì Champion tí wọ́n ti lò jọ. Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń tà á padà. Orúkọ Champion ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Champion bínú, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ kúrò lára gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947. Àwọn adájọ́ kò gbà pé kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́. Wọ́n ní búùjì Champion ni í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, títún un ṣe kò sọ ọ́ di òmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ hàn kedere lára búùjì náà pé wọ́n ti lò ó rí tàbí pé wọ́n ti tún un ṣe, kí páálí rẹ̀ sì fi ẹni tó tún un ṣe hàn.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó ń tún búùjì náà ṣe ti kọ ọ̀rọ̀ kan sára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kéékèèké aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí dúdú. Kò ṣeé kà. Adájọ́ kò ka ìyẹn sí ìkọ̀wé rárá.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọkùnrin kan ní Họ́láńdì ń ta ọkọ̀ BMW àlòkù, ó sì ń tún un ṣe. Kò sí lára àwọn tí BMW yàn. Ó polówó pé òun mọ BMW tún ṣe dáadáa. BMW ní kó má dárúkọ òun mọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg, ní ọdún 1999. Wọ́n ní: báwo ni yóò ṣe sọ pé òun ń tún BMW ṣe láìdárúkọ BMW? Ó lè sọ ọ́. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí oníbàárà rò pé BMW ló rán òun.

Ní ọdún 2005, abẹ ìfárùngbọ̀n ló kàn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Finland ń ta abẹ tirẹ̀, tó ń jẹ́ Parason Flexor. Ó lẹ ìwé kan mọ́ páálí rẹ̀ pé abẹ náà bá èèkù Gillette Sensor mu. Ẹ rántí ẹ̀rúkọ́ wa o. Ọ̀rọ̀ náà ni, àfi pé níbí èèkù ni ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé-ẹjọ́ Luxembourg ní ẹni tó ń ta ọjà bẹ́ẹ̀ lè dárúkọ Gillette, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó dára láti fi sọ ohun tí abẹ náà wà fún. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé òun àti Gillette jọ ń ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ bú ọjà Gillette, kò sì gbọ́dọ̀ pe ọjà tirẹ̀ ní àwòkọ ti Gillette.

Kódà ọkọ̀ ìṣeré ti dé ilé-ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, Autec, ṣe ọkọ̀ ìṣeré tó dà bí ọkọ̀ Opel, ó sì ya àmì Opel sí iwájú rẹ̀ bó ṣe wà lára ọkọ̀ gidi. Orúkọ Autec wà nínú ìwé ìlò rẹ̀. Opel pè é lẹ́jọ́. Luxembourg sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2007, ilé-ẹjọ́ gíga Jámánì sì parí rẹ̀ ní 2010. Autec ló jàre. Wọ́n ní ẹni tó ra ọkọ̀ ìṣeré náà mọ̀ pé àwòrán ọkọ̀ gidi ni, kò rò pé Opel ló ṣe é.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ènìyàn lè rò pé ọ̀nà ti là fún àwọn tó ń ta píẹ̀sì. Ẹ dúró ná.

Ní Poland, ẹnì kan ń ta àwọ̀n iwájú ọkọ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí ibi tí omi ẹ̀rọ wà. Àwọ̀n tirẹ̀ wà fún àwọn ọkọ̀ Audi àtijọ́, ti àwọn ọdún 1980 sí 1999. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló ń wá irú rẹ̀ kiri. Òrùka mẹ́rin kò sí lára àwọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń so òrùka mọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní ìrísí òrùka mẹ́rin gẹ́lẹ́. Àwọn aṣọ́bodè, tí a ń pè ní dúwáànì, gba 70 nínú rẹ̀. Audi ní kí wọ́n run ún. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ Luxembourg dáhùn pé ìrísí yẹn náà lè jẹ́ lílo àmì Audi, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ “èyí bá Audi mu” nìkan. Wọ́n ní oníṣòwò náà kò fi àmì ṣàlàyé ọjà. Ara ọjà náà gan-an ló ti fi í ṣe, kí ó lè jọ ti Audi pátápátá.

Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí le. Ẹni tí òrùka Audi rẹ̀ ṣì dára, tí àwọ̀n rẹ̀ nìkan fọ́, níbo ni kó so òrùka rẹ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí àwọn adájọ́ wí. Ẹni tó bá rí àwọ̀n náà lórí tábìlì yóò rí òrùka mẹ́rin kí ó tó rí nǹkan mìíràn.

Àwọn ẹjọ́ yìí kì í ṣe òfin lọ́dọ̀ wa. Tiwa wà. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ OAPI, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Àdéhùn tó dá a sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní Bangui ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1977. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀. Àmì tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ní OAPI, ó ní ààbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17 náà lẹ́ẹ̀kan náà, fún ọdún 10, wọ́n sì lè tún un kọ. Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin tó ń ra ọjà níkọjá ẹnu ibodè, láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọjà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ́hùn-ún, dúwáànì lè gbà á níbí.

Òfin OAPI náà ní àyè fún oníṣòwò olóòótọ́. Ó sọ pé ẹni tó ni àmì kò lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti sọ òótọ́ nípa irú ọjà rẹ̀ àti ohun tí ọjà náà wà fún, bí ó bá kàn fi ń ṣàlàyé, tí kò sì tan ẹni tó ń rà jẹ nípa ibi tí ọjà ti wá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbé páálí píẹ̀sì lọ́wọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ Faransé kékeré kan tó ní lẹ́tà mẹ́rin: “pour”. “Fún” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí “pour Yamaha”, ohun tó ń sọ ni pé fún Yamaha ni, kì í ṣe Yamaha ló ṣe é. Ẹ tún wá orúkọ ẹni tó ṣe é gan-an. Bí kò bá sí orúkọ kankan àfi ti ilé-iṣẹ́ ńlá, tí owó rẹ̀ sì kéré jọjọ, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó fẹ́ kọ pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni kó kọ gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, ó lè kọ pé òun ń tún Yamaha ṣe. Kó kọ ọ́ ní lẹ́tà lásán, kó má ya àwòrán àmì wọn. Bí ó bá kọ “Yamaha Kétu” gẹ́gẹ́ bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá lẹ́tà agbẹjọ́rò nìyẹn.

Bí lẹ́tà náà bá dé, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì torí ẹ̀rù da gbogbo ọjà yín nù. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ọjà tó ń bá yín jà lé lórí gan-an. Ẹ bèèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ àmì náà sílẹ̀ ní OAPI àti irú ọjà tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ìwé mìíràn sábà máa ń wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí: pé ẹ ti jẹ̀bi, pé ẹ kò ní ta ọjà náà mọ́ láéláé, nígbà mìíràn pé ẹ ó san owó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i tàbí kí ẹ tó tẹ̀ka sí i, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tán, tàbí kí ẹ gbé e wá sí kíláàsì ká jọ kà á.